Díìsì Kan Kú, Ẹnìkan Ò Mọ̀
Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Dọ̀pẹ̀mú àti agbègbè rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tòní wà fún ẹnikẹ́ni tí kọ̀ǹpútà jẹ́ àpótí iṣẹ́ rẹ̀: fótógíráfà, àwọn tó ń gé fídíò, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ń tọ́jú èsì ìdánwò ọmọ, ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àwọn tó ń ká ìwàásù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, àti àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó tò lọ láti Dọ̀pẹ̀mú dé Akọ̀wọ́njọ títí wọ Ẹ̀gbẹ́dá. A fẹ́ sọ bí a ṣe ń so díìsì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ nínú Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, irú Ubuntu àti Debian) kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan, láìra ohun èlò pàtàkì kankan, àṣẹ tí a ń tẹ̀ nìkan ni. Ṣùgbọ́n kí n tètè sọ ọ́: síso wọ́n pọ̀ kò le. Ohun tó ń kó èèyàn sí wàhálà ni pé wọ́n á so ó tán, wọn kò ní padà yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí a ò kàn kó gbogbo ẹrù sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kámẹ́rà tó ń ká fídíò 4K ní ìwọ̀n 100 mégábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan máa kó 45 GB jọ láàárín wákàtí kan. Bí òde Sátidé bá gba wákàtí mẹ́fà, tí kámẹ́rà sì jẹ́ méjì, 540 GB nìyẹn. Ká sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ń gbé 10 mégábíìtì jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan láìdẹwọ́ rárá, ọjọ́ márùn-ún gbáko, tọ̀sán-tòru, ló máa fi kó ìgbéyàwó kan ṣoṣo lọ. Kó tó parí, òde mìíràn ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ má sì gbàgbé ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, tí àwọn báńkì ńlá pàápàá ní Nàìjíríà fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹni tí fáìlì rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù ń gé fídíò rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, díìsì inú ilé ṣì wúlò. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń kú. Kò sí díìsì tí kò ní kú, ọjọ́ ikú rẹ̀ ni a ò mọ̀.

Ọgbọ́n tí a fi ń borí rẹ̀ ni pé kí ẹ mú díìsì méjì tí wọ́n tóbi dọ́gba, kí ẹ sọ wọ́n di ìbejì. Ohun tí ẹ bá kọ sára Táíwò, Linux á kọ ọ́ sára Kẹ́hìndé lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin kò ní rí díìsì méjì. Ojú ẹyọ kan ṣoṣo lẹ ó máa rí, wọ́n sì sábà máa ń pè é ní md0. Bí Táíwò bá kú lọ́sàn-án Wẹ́sìdeè, Kẹ́hìndé á máa bá iṣẹ́ lọ. Kọ̀ǹpútà kò ní kú, fídíò tí ẹ ń gé kò ní dúró.

Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ní Yunifásítì California ní Berkeley, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, ló kọ àpilẹ̀kọ tó sọ irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ní RAID, ní 1988. Àròyé wọn ni pé dípò kí a ra díìsì ràgàjì kan tí owó rẹ̀ ga, kí a kó ọ̀pọ̀ kéékèèké tí owó wọn mọ níwọ̀n jọ. Ṣùgbọ́n bí díìsì bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ewu pé ọ̀kan á kú láàárín wọn ń pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣètò ẹ̀dà mọ́ ọn. Ọgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹ jẹ́ ká má jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá gbà á mọ́ wa lọ́wọ́.

Oríṣi RAID pọ̀. RAID 0 kì í tọ́jú ẹ̀dà rárá. Ó kàn ń pín iṣẹ́ sára díìsì kí ó lè yára ni, bí ọ̀kan bá sì kú, gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ yẹra fún un. RAID 1 ni ti ìbejì tí a ń sọ. RAID 5 nílò díìsì mẹ́ta ó kéré tán, òun sì làwọn èèyàn fẹ́ràn nítorí pé kì í jẹ àyè púpọ̀: díìsì mẹ́ta tó jẹ́ 4 TB ọ̀kọ̀ọ̀kan á fún yín ní 8 TB láti lò. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Díìsì kìíní mú 7, ìkejì mú 5, ìkẹta kọ 12 sílẹ̀. Bí ìkejì bá kú, ẹ yọ 7 kúrò nínú 12, 5 ti padà dé. Ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe gan-an kì í ṣe ìròpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan Èkó. Bí iná bá lọ ní kété tí díìsì kìíní kọ nọ́ḿbà tuntun rọ́pò 7 tán, tí ìkẹta kò tíì tún 12 ṣe, ìṣirò náà ti di irọ́. Irọ́ ọ̀hún kò ní hàn lọ́jọ́ yẹn. Bí díìsì kan bá kú kí Linux tó tún ìṣirò náà ṣe, tí ẹ fẹ́ fi ìṣirò gba ohun inú rẹ̀ padà, ìgbà náà ni ẹ ó rí i pé ohun mìíràn ló jáde. Ní ìlú tí iná kì í ṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí àsọdùn. Níbi tí gíríìdì ti wó lulẹ̀ léraléra ní 2024, tí a sì máa ń yí láti iná ọba sí jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní ìrọ̀lẹ́ kan, kì í ṣe àsọdùn. Ìmọ̀ràn tèmi fún ṣọ́ọ̀bù kékeré ni RAID 1, pẹ̀lú ìnfátà tàbí UPS tó lè gbé kọ̀ǹpútà náà títí tí ẹ ó fi pa á bó ṣe yẹ. Owó díìsì kejì á dùn yín, mo mọ̀. Ẹni tó bá ní díìsì mẹ́rin lè wo RAID 10, tó da RAID 1 pọ̀ mọ́ RAID 0.

Àwọn kan á sọ fún yín pé káàdì RAID, ìyẹn ohun èlò tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà, ló dára jù. Ó dára lóòótọ́ níbi tí owó àti káàdì àpamọ́ wà. Ṣùgbọ́n bí iná bá dé pẹ̀lú agbára àgbákò, tó jó káàdì náà, irú rẹ̀ gan-an lẹ sábà máa wá kí ẹ tó tún lè ka díìsì yín, ẹ lè yí gbogbo Computer Village ní Ìkẹjà po láìrí i. Ti Linux kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe so díìsì pọ̀ wà lára díìsì fúnra wọn. Bí mọ́dàbọ́ọ̀dù bá jóná, ẹ tú díìsì méjèèjì, ẹ kì wọ́n sínú kọ̀ǹpútà mìíràn tó ní Linux, tòkunbọ̀ ni o, tuntun ni o, yóò dá wọn mọ̀. Èyí nìkan tó fún mi láti yan ti sọ́fítíwíà.

Ẹ̀yà sọ́fítíwíà tí a ń fi darí rẹ̀ ni mdadm. Neil Brown, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, ló kọ ọ́ ní 2001. Ọ̀fẹ́ ni. Lórí Ubuntu tàbí Debian, ẹ ṣí Terminal kí ẹ tẹ̀:

sudo apt install mdadm smartmontools

Smartmontools tí mo fi kún un wà fún àyẹ̀wò díìsì, pàápàá tòkunbọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á kó jẹ́ kí ẹ so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù yín, kí ẹ sì tẹ̀:

sudo smartctl -a /dev/sdb

Nǹkan méjì lẹ ó wò nínú ìwé gígùn tó máa tú jáde. Power_On_Hours ni iye wákàtí tí díìsì náà ti lò láyé. Ọdún kan jẹ́ wákàtí 8,760. Bí ẹ bá rí 40,000, ó ti ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́rin àbọ̀ lọ láìsinmi. Ìkejì ni Reallocated_Sector_Ct, iye ojú ibi tó ti jẹrà tí díìsì ti fi òmíràn rọ́pò. Òdo la fẹ́. Bí kò bá jẹ́ òdo, ẹ kí ọ̀gá náà dáadáa, kí ẹ máa lọ. Ẹ má sì ra méjì tí wọ́n jọ kúrò nínú sáfà kan náà, tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Àwọn tó jọ dàgbà nínú iṣẹ́ kan náà lè jọ kú.

Kí ẹ tó so díìsì yín pọ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ń jẹ́ ta ni:

lsblk -o NAME,SIZE,MODEL,SERIAL

Orúkọ bí i sdb àti sdc kì í dúró sójú kan. Bí ẹ bá yí wáyà padà, sdb àná lè di sdc òní. Nọ́ḿbà SERIAL ni kì í yí. Ẹ gé pépà tẹ́ẹ̀pù funfun, ẹ fi máákà kọ nọ́ḿbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn sí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí díìsì níbi tí ojú á ti rí i láìtú nǹkan kan. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ìgbà tí ẹ bá dé ibi tí mo ń lọ, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pín díìsì kọ̀ọ̀kan, àṣẹ tó ń so wọ́n di ìbejì nìyí:

sudo mdadm --create /dev/md0 --level=1 --raid-devices=2 --bitmap=internal /dev/sdb1 /dev/sdc1

Ẹ kíyè sí i pé ohun tó bá wà lára díìsì méjèèjì máa lọ. Bitmap tí ẹ rí níbẹ̀ jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ kékeré tó ń sàmì sí ibi tí wọ́n ń kọ nǹkan sí lọ́wọ́. Bí iná bá lọ lójijì, ibi tó ní àmì nìkan ni Linux máa tún fi wéra nígbà tí iná bá dé, dípò kó máa ka 4 TB láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fún wa níhìn-ín, kò ṣeé yọ sílẹ̀. Ẹ wá fi mkfs.ext4 tún md0 ṣe fún ìlò, kí ẹ sì fi ètò náà pamọ́:

sudo mdadm --detail --scan | sudo tee -a /etc/mdadm/mdadm.conf
sudo update-initramfs -u

Ẹni tó bá fo ìlà méjì yìí ló máa ń pariwo lọ́jọ́ kejì pé md0 òun ti sọnù, md127 lòun rí. Kò sọnù, orúkọ ló yí padà.

Ó tán. Láti ìsinsìnyí lọ, ìbéèrè kan ló kù tí ẹ ó máa bi kọ̀ǹpútà náà:

cat /proc/mdstat

Ẹ má bẹ̀rù ọ̀rọ̀ tó máa jáde. Ẹ wá àmì akọmọ tó wà ní ìparí ìlà tó tẹ̀lé ìlà md0. Bí ẹ bá rí [2/2] [UU], Táíwò wà, Kẹ́hìndé wà. Bí ẹ bá rí [2/1] [U_], ìlà ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ U yẹn ni àyè òkú.

Èyí ni mo fẹ́ dúró lé lórí lónìí. RAID 1 mọ iṣẹ́ rẹ̀ débi pé ó ń bo ikú mọ́lẹ̀. Díìsì kan kú ní oṣù Kẹta, kò sí ariwo, kò sí iná pupa, fótò ń ṣí, fídíò ń jáde, oníbàárà ń gba iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ti ń fi ẹsẹ̀ kan rìn láìmọ̀. Ní oṣù Kẹwàá, èkejì kú. Ìgbà yẹn lẹ ó gbọ́ pé ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ń sọ pé RAID ò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́! Oṣù méje ló fi gbé ẹrù wọn, ẹnìkan ò bi í léèrè.

mdadm lè ránṣẹ́ sí yín. Ẹ kọ MAILADDR àti àdírẹ́sì ímeèlì yín sínú mdadm.conf, kí ẹ sì dán an wò:

sudo mdadm --monitor --scan --oneshot --test

Bí ímeèlì kò bá wọlé, ètò ìfiránṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà kò tíì dúró, èyí tó wọ́pọ̀ gan-an. Ẹ má gbára lé e títí ẹ ó fi rí ímeèlì ìdánwò náà lórí fóònù yín. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ṣètò Linux kò rò mọ́ wa. Ó ní àyẹ̀wò oṣooṣù kan tó ń ka díìsì méjèèjì látòkèdélẹ̀ kó lè rí ibi tó ti ń jẹrà kí ó tó pẹ́ jù. Ní Debian, òru Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n fi í sí, ní nǹkan bí aago kan. Ta ní ń tan kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní aago kan òru ní Dọ̀pẹ̀mú? Nítorí náà ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí iná bá dúró:

echo check | sudo tee /sys/block/md0/md/sync_action

Ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ nígbà tó ń ṣe é, á kàn falẹ̀ díẹ̀.

Ó wá ṣẹlẹ̀, ẹ rí [U_]. Bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ da iṣẹ́ tó ṣọ̀wọ́n jù kọ sórí díìsì àgbérìn, torí ẹ̀dà kan péré ló kù láyé báyìí. Lẹ́yìn náà, ká sọ pé sdc1 ló kú:

sudo mdadm /dev/md0 --fail /dev/sdc1
sudo mdadm /dev/md0 --remove /dev/sdc1

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ yọ òkú. Ibi tí pépà tẹ́ẹ̀pù wa ti ń jẹ́ nìyí. Díìsì méjèèjì jọra, àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ọmọ iṣẹ́ tí kò wo nọ́ḿbà lè yọ alààyè, kó fi òkú sílẹ̀. Ẹ fi tuntun sí i, ẹ pín in bí ti ìkejì rẹ̀, ẹ tún wo orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú lsblk, kí ẹ tó tẹ̀:

sudo mdadm /dev/md0 --add /dev/sdc1

Linux á bẹ̀rẹ̀ sí da gbogbo rẹ̀ kọ padà. Bí 4 TB bá ń lọ ní 150 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí i wákàtí méje àbọ̀ ni. Ẹ lè máa wo bó ṣe ń lọ nínú mdstat. Bí bátìrì ìnfátà bá ń tán lọ, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá tún jí, yóò tẹ̀síwájú láti ibi tó dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ẹ bá gbé díìsì méjèèjì lọ sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, tí md0 kò sì jáde fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe tẹ --create. Àṣẹ yẹn ń dá tuntun sílẹ̀ ni, ó sì lè ba ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́. Èyí tó ń kó ìbejì tó ti wà jọ ni:

sudo mdadm --assemble --scan

Bí ẹni tó ń bá yín tún kọ̀ǹpútà ṣe bá fẹ́ tẹ create lórí díìsì tí ẹrù wà nínú rẹ̀, ẹ rọra gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ò sì ní láti ra díìsì kí ẹ tó kọ́ gbogbo èyí. Fáìlì lásán ṣeé sọ di díìsì:

truncate -s 200M taye.img
truncate -s 200M kehinde.img
sudo losetup -f --show taye.img
sudo losetup -f --show kehinde.img

Kọ̀ǹpútà á dárúkọ méjì fún yín, ó lè jẹ́ /dev/loop18 àti /dev/loop19. Orúkọ tó bá pè ni kí ẹ lò. Ẹ fi --create so wọ́n pọ̀ ní /dev/md9, ẹ fi --fail pa ọ̀kan, ẹ wo bí U ṣe di ìlà ilẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ dá a padà, ẹ wo bó ṣe jí. Ẹ ṣe é títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, fáìlì 200 MB méjì lẹ bà jẹ́.

Ó ku ohun kan tí RAID kò lè ṣe láéláé. Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lára Táíwò pa rẹ́ lára Kẹ́hìndé lójú ẹsẹ̀. Kò mọ̀ pé àṣìṣe ni. Ní 1998, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Pixar ní Amẹ́ríkà ń ṣe fíìmù Toy Story 2, ẹnìkan tẹ àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́ síbi tí kò yẹ, iṣẹ́ fíìmù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí pòórá lójú wọn. Wọ́n sáré lọ síbi ẹ̀dà ìpamọ́ wọn, wọ́n rí i pé kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Galyn Susman, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ níbẹ̀, ló gba wọ́n là: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ń ṣiṣẹ́ láti ilé, ẹ̀dà kan sì wà lórí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀. Ilé ló ti wá, kì í ṣe inú ilé-iṣẹ́ ọ̀hún.

Bí olè bá já ṣọ́ọ̀bù, ó máa gbé ìbejì lọ pọ̀. Bí iná bá jó o, wọ́n á jọ jó. Nítorí náà, ẹ ra díìsì kẹta tí kò sí nínú RAID, ẹ máa da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ sí i ní ìrọ̀lẹ́ Friday, kí ẹ sì gbé e lọ sílé, ì báà jẹ́ Ìgándò tàbí Ìkòtún lẹ ń gbé. Kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà ní alẹ́ yìí, ẹ pe ọmọ iṣẹ́ yín, ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ cat /proc/mdstat, kí ẹ sì sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín [UU] àti [U_] fún un. Ó yẹ kí ẹni méjì ó kéré tán mọ̀ ọ́n kà nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan.